Sí ẹ̀gbọ́n tó ń gbèrò ilé ìtura kékeré ní erékùṣù Príncipe

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfẹ̀yìntì o, a kú oríire. Ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí ẹ̀yin àti Màmá fi owó tí ẹ ti ń tọ́jú bọ̀ sùn ní ilé ìtura kékeré kan ní erékùṣù Príncipe, irú èyí tí yàrá rẹ̀ kò pọ̀, tí ayàwòrán ilé sì fi ọgbọ́n ọnà kọ́ láàárín igbó àti òkun, tàbí kí ẹ kúkú gba Dubai lọ bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ yín ní Òmù-Àrán ti ń ṣe. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ lọ sí Príncipe, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ pé nítorí erékùṣù náà ni ẹ ṣe ń lọ. Ohun tó mú kí irú ilé bẹ́ẹ̀ lẹ́wà gan-an ni ó máa ń ni ẹni tí kò bá múra sílẹ̀ lára, àwòrán tí wọ́n ń gbé jáde kò sì lè fi ìyẹn hàn yín. Èmi àti ìyàwó mi ti dé ibẹ̀, a gbádùn, a sì rí ìnira tí kò sí ẹni tó kìlọ̀ rẹ̀ fún wa. Mo fẹ́ kí ẹ mọ méjèèjì kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Bí ẹyẹ bá fò tààrà láti Ìlọrin, yóò dé Príncipe kí ó tó dé Màídúgùrì, nítorí pé inú òkun tó wà ní gúúsù Nàìjíríà níbí ni erékùṣù náà wà. Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà débẹ̀ ló gùn. Orílẹ̀-èdè São Tomé àti Príncipe, tó gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Potogí ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1975, ní erékùṣù pàtàkì méjì. Príncipe ni ó kéré nínú méjèèjì, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà onígun mẹ́rin 136, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò sì tó 10,000. Nígbà tí àwa lọ, a wọ bàálù láti Èkó dé Accra, a sì wọ ti TAP, iléeṣẹ́ àwọn Potogí, láti Accra dé São Tomé, nítorí pé bàálù wọn tó ń bọ̀ láti Lisbon máa ń yà ní Accra. Àwọn mìíràn máa ń gba Luanda ní Àǹgólà. Láti São Tomé, bàálù kékeré ni yóò gbé yín kọjá òkun fún bí ìṣẹ́jú 35 tàbí 40. Ọkọ̀ ojú omi náà máa ń lọ, ṣùgbọ́n èmi kò ní gba àgbàlagbà nímọ̀ràn pé kí ó wọ̀ ọ́: ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Amfitriti dojú dé nígbà tó ń lọ sí Príncipe, ẹ̀mí sì ṣòfò.

Bàálù kékeré yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ rò kí ẹ tó ro yàrá àti oúnjẹ. Kì í lọ kì í bọ̀ léraléra bíi ti Èkó sí Abùjá, wọn kì í jẹ́ kí èrò kó ẹrù púpọ̀ wọ inú rẹ̀, bí òjò bá sì ṣú lé òkè erékùṣù náà tàbí bí ẹ̀rọ bá ní àrùn díẹ̀, ẹ óò dúró títí yóò fi yanjú. Ọjọ́ tí ó yẹ kí a kúrò, a jókòó sí pápákọ̀ òfurufú kékeré yẹn láti òwúrọ̀ títí ìrọ̀lẹ́, bàálù kò dé. Nígbà tí a fi dé São Tomé lọ́jọ́ kejì, ti Accra ti gbéra. Ẹni tó bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì ní Èkó ti rà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìsọ fún wa ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, nítorí náà kò sí iléeṣẹ́ kankan tó gbà pé gbèsè náà kan òun, a sì ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn ní iye tí wọ́n ń tà á lọ́jọ́ náà. Ilé ìtura tí a padà sí lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà gba owó òru tó lé lé e ní pípé. Inú mi kò dùn sí i títí di òní, torí pé ìbéèrè méjì péré ni ìbá ti gbà wá sílẹ̀. Kí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó pé ta ni yóò san owó òru tí bàálù bá dá yín dúró, kí ẹ sì fi òru méjì sílẹ̀ ní São Tomé nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, láàárín bàálù kékeré àti bàálù ńlá. Òru méjì yẹn kì í ṣe òfò rárá, nítorí pé ìlú São Tomé fúnra rẹ̀ tó rìn kiri.

Ilé náà wá ńkọ́? Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní Príncipe ni Sundy Praia, níbi tí yàrá jẹ́ àgọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n pa sáàárín igi létí òkun, tí wọ́n sì fi ọparun kọ́ ilé oúnjẹ rẹ̀. Roça Sundy wà lórí ilẹ̀ gíga lẹ́yìn rẹ̀, ilé olóko kòkó ayé àtijọ́ ni. Belo Monte náà jẹ́ ilé olóko, ó wà lókè etíkun tí wọ́n ń pè ní Praia Banana. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa tó rìnrìn àjò lọ sí gbalasa òfurufú ní ọdún 2002, ni ó náwó lé Sundy méjèèjì. Èmi kò ní dárúkọ ibi tí àwa sùn sí, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kan gbogbo irú ilé bẹ́ẹ̀, ní Príncipe àti ní erékùṣù mìíràn tó bá jìnnà.

Ọgbọ́n tó wà nínú kíkọ́ wọn ga. Yàrá tí a sùn dúró lórí òpó igi, ilẹ̀ tí òpó náà tẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ, kí omi òjò àti akàn lè gba abẹ́ ilé kọjá láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Òrùlé rẹ̀ ga sókè kí ooru lè gòkè jáde, níbi tí ẹ bá sì ti retí ògiri, nẹ́ẹ̀tì àti aṣọ líle ni wọ́n fi dí i kí atẹ́gùn òkun lè wọlé láti ìhà kan, kí ó jáde ní ìhà kejì. Ẹni tó bá dàgbà sí agboolé àtijọ́ ní Ìlọrin, níbi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá ti ń fa afẹ́fẹ́ wọ yàrá láìsí fáànù, yóò mọ ohun tí ayàwòrán náà ń wá. Kò sí tẹlifíṣọ̀n. Iná tí wọ́n tàn síta lálẹ́ kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé sórí iyanrìn, iná tó bá mọ́lẹ̀ jù sì máa ń dà á láàmú. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo èyí. Kò sí ibòmíràn tí mo ti sùn rí tí wọ́n ti fi àkíyèsí tó báyìí kọ́lé.

Àmọ́ nẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé kò lè ti ariwo síta. Gbogbo òru ni ọ̀pọ̀lọ́, kòkòrò àti ìgbì òkun fi ń dún, a sì ń gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Òru àkọ́kọ́, ìyàwó mi jókòó lórí ibùsùn títí àsìkò Sùbúhì fi tó, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nítorí pé kò rí ògiri tó lè ti. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ń sùn dáadáa. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tún wà níbẹ̀: aṣọ tí a fọ̀ kì í gbẹ tán, bàtà aláwọ ń bu, ìwé tí mo gbé dání sì rọ̀. Ẹ má gbé lẹ́ẹ̀sì tàbí aṣọ òkè dání. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo apá àti ẹsẹ̀ ni yóò wúlò, nítorí ẹ̀fọn àti nítorí kòkòrò kékeré etíkun tó máa ń jẹni nígbà tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù lọ, nítorí ọjọ́ orí yín, ni àtẹ̀gùn. Nínú àwòrán, yàrá kọ̀ọ̀kan dá wà lábẹ́ igi, ó sì dùn ún wò. Lójú ilẹ̀, ìyẹn túmọ̀ sí pé láti ibùsùn yín dé ibi oúnjẹ, ẹ óò rìn lórí pákó tó lè tutù, ẹ óò gun àtẹ̀gùn òkúta tàbí ti igi, ẹ óò sì tún un ṣe lálẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Orúnkún ìyàwó mi ti ń dùn ún kí a tó lọ. Wọ́n ti fún wa ní yàrá tó jìnnà jù lọ, torí pé ojú ibẹ̀ sí òkun ló dára jù, wọ́n sì rò pé oore ni àwọn ṣe wá. Kò pẹ́ tó fi di pé kì í fẹ́ wá jẹun alẹ́ mọ́. Nígbà tí a sọ fún wọn, wọ́n gbé wa lọ sí èyí tó sún mọ́ ilé oúnjẹ lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, gbogbo nǹkan sì yí padà. Àwọn òṣìṣẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, wọ́n máa ń mọ orúkọ yín láàárín wákàtí díẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ṣe ohun tí ẹ fẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè mọ ohun tí ẹ kò sọ. Kí ẹ kọ ọ́ sí wọn ṣáájú pé yàrá tí kò ní àtẹ̀gùn púpọ̀ ni ẹ ń fẹ́, kí ẹ sì sọ pé ẹ gbà kí ojú òkun kéré sí i nítorí rẹ̀.

Oúnjẹ kò ní jẹ́ wàhálà bí ẹ bá béèrè ohun tí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ń jẹ. Nígbà púpọ̀, owó oúnjẹ wà nínú owó yàrá, torí pé kò sí ibòmíràn nítòsí tí ẹ lè ti jẹun, ilé ìdáná sì máa ń fẹ́ gbé oúnjẹ aláràbarà tí ó kéré wá fún àlejò. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sè calulu fún wa, ọbẹ̀ ẹja tí wọ́n fi ewé oríṣiríṣi, ilá àti epo pupa sè, inú obìnrin tó sè é sì dùn débi pé ó jáde wá wo bí a ṣe ń jẹ ẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀, ẹja tútù pọ̀, gbẹ̀rẹ̀fútù tí àwọn ará Ifẹ̀ mọ̀ dáadáa náà wà, wọ́n máa ń yan án. Èmi tí mo jẹ́ Mùsùlùmí kọ̀wé sí wọn kí n tó lọ pé a kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ẹja àti ẹyin sì ni a ń jẹ títí a fi kúrò, nítorí pé ó ṣòro láti mọ bí wọ́n ṣe pa ẹran. Bí Mùsùlùmí mìíràn bá ń ka èyí, kí ó mọ̀ pé agbedeméjì ìlà oòrùn àti àríwá ni gábàsì wà níbẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ìlọrin, àti pé aago wọn fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa.

Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé oko kòkó ni bàbá yín fi rán yín níléèwé ní apá Òkè-Ẹ̀rọ̀, ẹ kò gbọ́dọ̀ lo gbogbo ọjọ́ yín létí òkun. Príncipe ni wọ́n kọ́kọ́ gbin kòkó sí ní Áfíríkà, ní nǹkan bí ọdún 1822, nígbà tí àwọn Potogí kó o wá láti Brazil. Àwọn erékùṣù inú òkun yìí ni kòkó gbà dé ilẹ̀ tiwa níkẹyìn. Igi rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ igi ńlá nínú igbó, ẹ lè fọwọ́ kàn án, wọ́n á sì fi ibi tí wọ́n ti ń sá a hàn yín. Ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò dùn. Àwọn tí wọ́n kó láti Àǹgólà wá ṣiṣẹ́ nínú oko wọ̀nyí kò lómìnira láti padà sílé, ọ̀rọ̀ náà sì burú débi pé ní ọdún 1909 ni iléeṣẹ́ Cadbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti ra kòkó wọn mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá sùn sí ilé olóko àtijọ́ tí wọ́n ti tún ṣe di ilé ìtura, ẹ rántí pé ilé ọ̀gá ni ẹ sùn sí. Ìlà ilé kéékèèké tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé kì í jìnnà sí i. Ní tèmi, àlejò tó bá ya àwòrán ilé ńlá tí kò bẹ èyí kejì wò kò tíì mọ ibi tí òun dé. Kí ẹ bẹ ẹni tó ń mú yín kiri kí ó mú yín débẹ̀, kí ẹ kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ báyìí, kí ẹ sì tẹ́tí sí wọn.

Ní Roça Sundy yìí kan náà, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1919, ni onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, Arthur Eddington, ti ya àwòrán ìràwọ̀ nígbà tí òṣùpá bo oòrùn, láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni Einstein sọ pé oòrùn máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìkùukùu sì bo ojú ọ̀run, àwòrán díẹ̀ ló mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó mọ́ àti èyí tí ẹgbẹ́ kejì yà ní Sobral ní Brazil tó láti sọ orúkọ Einstein di ńlá káàkiri ayé. Wọ́n fi àkọlé ìrántí síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ yóò fẹ́ dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ní ti àsìkò, oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń pè ní gravana, nígbà tí òjò dín kù, tí ara sì tù. Nínú oṣù tó kù, òjò máa ń rọ̀ dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjàpá òkun tó ń yé, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì fara da òjò. Àwa yan ìjàpá, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Odídẹrẹ́ kò ní àsìkò tirẹ̀: ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n máa ń fò kọjá lókè igi lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n ń ké sí ara wọn. Ìyàwó mi, tí kò tíì rí odídẹrẹ́ rí àfi nínú àgò, jẹ́ kí ọbẹ̀ rẹ̀ tutù nítorí wọn.

Ó ku àwọn nǹkan kéékèèké tó lè ba ìrìn àjò jẹ́. Ẹ gba káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kí ẹ sì béèrè ọ̀rọ̀ físà ní kùtùkùtù. Ẹ gbé owó Euro bébà dání, èyí tó mọ́ tí kò ya, nítorí pé kò yẹ kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé káàdì báǹkì níbẹ̀. Owó wọn ni dobra, 24.5 sì ni wọ́n so mọ́ Euro kan. Ojú iná wọn gba orí pọ́lọ́ọ̀gì onírin méjì róbótó, tiwa onírin mẹ́ta kò ní wọ̀ ọ́, nítorí náà ẹ ra èyí tí a fi ń sọ wọ́n pọ̀ kí ẹ tó kúrò ní Ìlọrin. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá gbọ́dọ̀ ju iye ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò lọ, kí ó sì wà nínú báàgì ọwọ́, nítorí pé ilé ìwòsàn kékeré ni ó wà ní Santo António, olú ìlú Príncipe, ẹrù tó bá sì ṣẹ́kù sí São Tomé lè má tètè dé. Ẹ lo oògùn ibà tí dókítà bá fún yín. Omi inú ọ̀rá àti ìgò oníke kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fẹ́ rí níbẹ̀: láti ọdún 2012 ni UNESCO ti ka erékùṣù náà mọ́ àwọn ibi tí a ń dáàbò bo àyíká wọn, wọ́n sì ti ṣe ètò kan tí ènìyàn fi ń kó àádọ́ta ìgò oníke wá gba ìgò irin kan tó lè máa lò títí. Àwọn obìnrin kan tún máa ń lọ ìgò gíláàsì, wọ́n á fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni mí, ìlú tí wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta pupa di ìlẹ̀kẹ̀ lántànà láyé àtijọ́, nítorí náà mo dúró tì wọ́n pẹ́, mo sì ra ti ìyàwó mi àti ti àwọn ọmọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ra ẹ̀bùn, kí owó yín lè kan ọwọ́ ará ìlú.

Iye òru tí ẹ óò lò ni ìbéèrè tí ẹ fi parí. Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ pọ̀, ó sì ṣe é ṣe kí ẹ fẹ́ dín in kù sí òru mẹ́ta, ṣùgbọ́n òru mẹ́ta kò dára tó. Òru àkọ́kọ́ yóò lọ sí àárẹ̀ ọ̀nà, èkejì yóò lọ sí mímọ ariwo igbó mọ́ra, nígbà tí ara yín bá sì wá fẹ́ balẹ̀, ẹrù ni ẹ óò máa dì. Kí ẹ ṣe òru mẹ́fà tàbí méje, kí ẹ sì mú yàrá tí owó rẹ̀ kéré jù nínú ilé náà. Ibi ìgbafẹ́ kan náà ni gbogbo yín yóò máa jókòó sí, oúnjẹ kan náà ni ẹ óò jẹ, òkun kan náà ni ẹ óò wọ̀. Bí ẹ bá ti rí iye bàálù, ẹ fi ètò náà ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kankan. Mo wà nílé ní Ìlọrin títí Iléyá yóò fi kọjá, n óò sì bá yín wo ọjọ́ tó wà láàárín bàálù kan àti èkejì.